Ẹyọ Àgbàdo Kan Kì Í Ṣe Oúnjẹ

Màámi kì í sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Berlin fún ẹnikẹ́ni ní Ṣakí. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá béèrè mi, Màámi á ní ọsibítù ni mo wà. Mo ti bá wọn jiyàn títí, ó ti sú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wọn lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ débi pé mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ.

"Eku?" ni wọ́n wí nígbà tó yá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Eku funfun. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ló ń fi wọ́n ṣe ìwádìí. Èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, tí mò ń wọ̀n wọ́n, tí mò ń pààrọ̀ ibùsùn wọn."

"Ibùsùn eku."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àwa ń ra oògùn eku lọ́jà níbí, ìwọ wọ bààlúù lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún eku. Kò burú. Ọlọ́run á gbọ́ àdúrà wa."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eku ni mo wá tọ́jú. Hamburg ni mo kọ́kọ́ dé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Délé, tí wọ́n ń gbé ní Lurup pẹ̀lú ìyàwó wọn àti ọmọ kan. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀. Ilé alájà mẹ́jọ, èèyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, o ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí ìyá àgbà kan lórí àtẹ̀gùn, mo tilẹ̀ tẹ orúnkún díẹ̀, ó di báàgì rẹ̀ mú pinpin. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n lẹ bébà mọ́ ẹnu ọ̀nà wa nípa bí a ṣe ń pa ilẹ̀kùn dé. Mo bi Bọ̀ọ̀dá léèrè pé ọ̀nà mélòó ni èèyàn lè gbà pa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n ní kí n dákẹ́.

Tèmi, ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje nígbà náà, ni ìtùnú mi nínú ilé yẹn, ṣùgbọ́n òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn lágara. Bí mo bá ní, "Tèmi, ṣé o sùn dáadáa?", á ní, "Ja." Bí mo bá ní, "Ta ló kó bàtà síbí?", á ní, "Ich nicht," pé òun kọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo bá sọ ló ń yé e, kò kàn ní fi fèsì ni, èdè Jámánì ló ń fi dáhùn. Ó dà bí ẹni pé mò ń ju bọ́ọ̀lù sí i, tó ń gbá a sí ilé aládùúgbò.

Bọ̀ọ̀dá mú mi wọ iṣẹ́ ní Billbrook, ní ilé ìkẹ́rùsí tí àwọn náà ti ń ṣiṣẹ́. Bàtà ni à ń dì sínú páálí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tó máa ń dún bí mo bá dúró pẹ́. Bí mo bá lọ tọ̀, ó ń dún. Ní Ṣakí, mo ní dípúlómà nínú ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, àwọn Fúlàní tó ní màlúù ń pè mí ní dọ́kítà. Ní Billbrook, ẹ̀rọ ló ń pè mí.

Ó gba oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó gbà níbí pé ìwé ẹ̀rí mi kì í ṣe bébà lásán, ó sì tún gba ọdún kan sí i kí n tó gbọ́ èdè wọn dé ibi tí mo ti lè fi jà. Ìgbà yẹn ni mo rí iṣẹ́ eku ní Berlin. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Mo jó nínú bálùwẹ̀ Bọ̀ọ̀dá, mo fọwọ́ bo ẹnu kí àwọn ará ìsàlẹ̀ má baà tún lẹ bébà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ń fi àwọn eku náà ṣe, torí Màámi kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán rí. Kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Ara irù ló ń gbé, eṣinṣin ńlá tó ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù. Bí irù bá jẹ ẹran, kòkòrò náà á wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹran náà, bó bá pẹ́, á wọ ọpọlọ rẹ̀. A mọ irú màlúù bẹ́ẹ̀ dáadáa ní Òkè-Ògùn. Á máa rù, á máa tòògbé lọ́sàn-án gangan, koríko tútù á wà lẹ́nu rẹ̀, á gbàgbé láti jẹ ẹ́. Bàbá mi, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ alápatà títí wọ́n fi kú, kì í ra irú rẹ̀. Wọ́n ní màlúù náà kò sí nílé mọ́.

Johanna, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ìwádìí náà gba oyè ọ̀mọ̀wé, ló ṣàlàyé ìyókù fún mi. Ó ní ọpọlọ náà ń jẹun bí ikùn ṣe ń jẹun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí kòkòrò yìí ń ṣe sí oúnjẹ yẹn. Ṣé kòkòrò ló ń já a gbà mọ́ ọpọlọ lẹ́nu ni, àbí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jẹun? Ó ń fi kòkòrò náà sára àwọn eku kan, ó ń fi àwọn kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á fún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ ṣúgà tó ní àmì, á gbé wọn sínú ẹ̀rọ kan tó ń ya àwòrán ibi tí ṣúgà náà gbà lọ nínú ọpọlọ. Lẹ́yìn náà á pa wọ́n, á yọ ọpọlọ wọn wò.

Inú fìríìsà ni wọ́n ń tọ́jú kòkòrò náà sí, nínú ìgò tín-ín-tìn-tín. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e wá kí wọ́n tó bí mi. Ó ní nọ́ńbà, ó ní fáìlì, ó ní yàrá tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í rí pé ìgbà wo ló ń padà sílé. Èmi tí mò ń gbá ìgbẹ́ eku tó gbé e, ọdọọdún ni mò ń lọ sí Moabit, sí ọ́fíìsì àwọn àlejò, pẹ̀lú fáìlì tó nípọn ju Bíbélì lọ, láti lọ ṣàlàyé ara mi. Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló bá tan. Moabit kò gbọ́ òwe yẹn rí. Gbòǹgbò ni wọ́n ń béèrè, ẹ̀dà méjì.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá máa ya àwòrán, àwọn eku náà kò gbọdọ̀ jẹun, kí ṣúgà oúnjẹ má baà da ti abẹ́rẹ́ rú. Johanna á lẹ bébà pupa mọ́ ara àgò wọn, á kọ "nüchtern" sí i, ìyẹn ni pé inú wọn gbọ́dọ̀ ṣófo. Èmi ni mò ń kó oúnjẹ wọn kúrò, omi nìkan ni mò ń fi sílẹ̀. Mò ń ṣe é dáadáa, èérún kan kò ní kù.

Ṣùgbọ́n alápatà ló bí mi. Bàbá mi kò pa ẹran rí láì kọ́kọ́ fún un ní nǹkan, ì báà jẹ́ omi díẹ̀, ewé díẹ̀ tàbí èèpo iṣu. Bó ti wù kí àwọn oníbàárà pariwo tó, ẹran náà á kọ́kọ́ fi nǹkan kan ẹnu. "A kì í fi ebi sin ẹ̀mí jáde," ni Bàbá máa ń wí. Mo rí i láti kékeré débi pé mi ò kà á sí ohun tí èèyàn ń rò kó tó ṣe é. Bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé ni.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ ikú wọn, kí Johanna tó wá gbé wọn, mò ń fi ẹyọ àgbàdo kan sínú àgò eku kọ̀ọ̀kan. Inú àpò àgbàdo tí a fi ń dá wọn lára yá lọ́jọ́ ìmọ́tótó ni mo ti ń mú un. Àwọn tí ara wọn dá á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, wọn á jẹ ẹ́ kíá. Àwọn tó ní kòkòrò lára, òmíràn á jẹ, òmíràn á gbàgbé rẹ̀ síwájú ara rẹ̀, á sùn lọ. Mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí kò wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ ni. Ta ló ń pe ẹyọ àgbàdo kan ní oúnjẹ? Nílé wa, èèyàn á jẹ búrẹ́dì, á jẹ àkàrà mẹ́fà, á mu ògì lé e, á sì dúró lójú pópó pé òun ò tíì jẹun láti àárọ̀. Kò purọ́. Kò tíì rí òkèlè ni, ìpanu ni ìyókù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Johanna nínú ilé ìdáná ibi iṣẹ́ wa, ó gbé orí lé tábìlì, kọfí rẹ̀ ti tutù. Johanna kì í sunkún. Obìnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá síbi iṣẹ́ nínú yìnyín ni.

"Kí ló dé?" ni mo bi í.

Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Àwòrán ọpọlọ eku ló kún ojú rẹ̀. "Wò ó. Eku tí ara rẹ̀ dá, ó yẹ kí ọpọlọ rẹ̀ pọ́n báyìí. Èyí dúdú. Èyí pọ́n díẹ̀. Èyí tún dúdú. Àwọn tó ní kòkòrò náà, kò sí méjì tó jọra. Mo ti pe àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ó dà bí ẹni pé àwọn kan jẹun, àwọn kan ò jẹ."

"Mo kó oúnjẹ wọn," ni mo dáhùn kíá. "Gbogbo rẹ̀ ni mo kó."

"Mo mọ̀. Ìwọ ni mo fọkàn tán jù níbí." Ó nu imú. "Ọjọ́ méjì péré ló dára nínú gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin da iṣẹ́ sílẹ̀, àti ọjọ́ tí o lọ sí Moabit."

Ọjọ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin da iṣẹ́ sílẹ̀, Hamburg ni mo há sí. Ọjọ́ kejì tó dárúkọ yẹn, Moabit ni mo jókòó sí láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Àwọn eku ọjọ́ méjì yẹn nìkan ni kò rí àgbàdo gbà.

Mi ò dárúkọ àgbàdo. Mo ní kó pẹ̀lẹ́, mo bá a da kọfí nù, mo padà sọ́dọ̀ àwọn eku mi. Ìwé iṣẹ́ mi tuntun, tí wọ́n ń pè ní Vertrag, wà lórí tábìlì ọ̀gá wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọn kò tíì fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, Moabit ń retí mi. Bí kò bá sí ìwé iṣẹ́, kò sí ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní Aufenthaltstitel. Bí kò bá sí ìwé ìgbélùú, ẹ̀gbọ́n èèyàn á wá sin ín dé pápá ọkọ̀ òfúrufú. Bí mo bá sì dákẹ́, iṣẹ́ ọdún méjì ọmọ ọlọ́mọ ló máa ṣòfò, á sì máa fi ẹ̀bi kan ẹ̀rọ. Inú bí mi sí Johanna, inú bí mi sí Moabit, inú bí mi sí eku tí kò mọ àgbàdo jẹ ní àjẹpamọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni àwọn eku náà fúnra wọn. Mo fún wọn ní àgbàdo kí wọ́n má baà kú bí ohun tí kò lẹ́ni, àgbàdo yẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n kú lásán.

Nígbà tó di Sátidé, mo lọ sí Lurup. Bọ̀ọ̀dá Délé ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Billbrook dé, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà gbẹ.

"Ta ló rí ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rí mi, sà."

"Ó tán. Shut your mouth. Gba Vertrag ẹ, lọ sí Moabit, gba Aufenthaltstitel ẹ. After that, tó bá wù ẹ́, o lè lọ jẹ́wọ́ fún eku."

"Ọmọ yẹn ń sunkún, Bọ̀ọ̀dá."

"Ìwọ náà sunkún ní Billbrook, who asked you? Abeg. Ṣé kí n wá sọ fún Màámi pé nítorí àgbàdo ni wọ́n fi dá ẹ padà? Ẹyọ àgbàdo kan!"

Tèmi ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí. Kò gbójú sókè. "Kò dáa, Àǹtí," ló ní.

Èmi àti bàbá rẹ̀ jùmọ̀ yíjú sí i. Ọdún mẹ́rin tí mo ti ń bẹ ọmọ yìí pé kó fi Yorùbá dá mi lóhùn. Ọjọ́ tó máa ṣe é, ó fi dá mi lẹ́bi ni.

Mo bọ́ sí bàkóní, mo pe Màámi. Mo rò pé wọ́n á gbè mí, torí Bàbá ló kọ́ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ní, "Ṣebí nítorí ẹran ni Bàbá ṣe ń ṣe é, Màámi, kí ebi má baà pa á dé ibi tó ń lọ?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé nítorí ẹran ni?" ni Màámi wí. "Màlúù tó ń kú lọ, kí ni omi fẹ́ ṣe fún un? Nítorí ara wọn ni bàbá ẹ ṣe ń ṣe é. Ọjọ́ tí wọn ò bá ráyè fún ẹran lómi, wọn kì í lè jẹun. Èmi ni mò ń gbé abọ́ padà sí ilé ìdáná." Wọ́n wá bi mí pé, "Àgbàdo tí ò ń wí yìí, ṣé eku ló jẹ ẹ́, àbí ìwọ?"

Mò ń wo ọgbà ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀, níbi tí gbogbo ọkọ̀ dúró sí láàárín ilà, tí kò sí èyí tó tẹ ilà mọ́lẹ̀.

"Lọ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ," ni Màámi wí. "Kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kó o sì jẹun kó o tó lọ."

Mi ò jẹun kí n tó lọ. Johanna gbọ́ mi dé òpin. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú ẹyọ àgbàdo kan láti inú àpò, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn eku, ó ṣírò nǹkan lórí bébà. "Bí ìwọ bá jẹ ohun tó tó báyìí sí ara rẹ," ló ní, "á tó abọ́ ìrẹsì ńlá méjì." Ojú rẹ̀ pọ́n. "Abọ́ méjì! Nígbà tí mo kọ ọ́ sí bébà pupa!"

"Mi ò pè é ní oúnjẹ."

"Kí wá ni?"

Mo ní, "Bei uns..." mo sì dúró. Lọ́dọ̀ wa. Mo ti kórìíra ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe nǹkan níbí, òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé, bí ẹni pé orílẹ̀-èdè kan gbáko ló rán mi wá ṣe é. Nítorí náà mo sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Mo ní bàbá mi kò lè jẹun lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa ẹran tí wọn kò fún ní nǹkan kan. Mo ní èmi náà kò lè jẹun. Mo ní mo ti jẹ̀bi, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Gúdù mọ́níìn nìkan ló kù láàárín wa, èyí tí mo kọ́kọ́ rò pé kò sí ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n na àpòòwé kan sí mi. Ìwé méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni Abmahnung, ìwé ìkìlọ̀ pé bí mo bá tún dán an wò, wọ́n á lé mi. Èkejì ni ìwé iṣẹ́ mi, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ìwádìí náà máa tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Johanna sì ti sọ fún wọn pé kò sẹ́lòmíràn tí òun fẹ́ kó máa kó oúnjẹ eku òun, torí ẹni tó jẹ́wọ́ àgbàdo kan, á jẹ́wọ́ ohun tó bá tún ṣe. Mo gbé ìwé méjèèjì lọ sí Moabit nínú fáìlì kan náà. Obìnrin tó gbà á níbẹ̀ kò ka èyíkéyìí dé ìdajì. Ó tẹ òǹtẹ̀, ó ní ẹni tó kàn.

Nígbà tí mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá, wọ́n pariwo "Praise God!" lórí fóònù títí etí mi fi dí. Wọn kò béèrè pé eku mélòó ló tún máa kú nítorí pé mo láàánú. Èmi mọ iye wọn. Èmi ni mo tẹ́ ibùsùn wọn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí bébà pupa tún wà lára àgò, mo kó oúnjẹ wọn kúrò, mo sì dúró níwájú wọn. Wọ́n mọ ọwọ́ mi, torí èmi ni mò ń fún wọn ní àgbàdo lọ́jọ́ ìmọ́tótó. Ọ̀kan tó ní kòkòrò lára, tó ti ń sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, jí. Ó rìn wá bí ẹni tó ti mutí, ó fi imú kan ìbọ̀wọ́ mi, ó ń wá àgbàdo káàkiri. Mo la ọwọ́ fún un kó rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Johanna ń dúró dè mí nínú ilé ìdáná. Ó ti ra búrẹ́dì Brötchen méjì, wàràkàṣì wà nínú wọn, ó tẹ́ wọn sórí bébà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó ra nǹkan fún mi láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́wọ́.

"Jẹun ná," ló ní. "Ọjọ́ á pẹ́ lónìí."

"O ṣé," ni mo ní. "Bí a bá parí tiwọn."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó ká bébà bo tèmi, ó ká a bo tirẹ̀ náà, a sì wọlé lọ bá àwọn eku.